Oyin Bínú Pé Mi Ò Sọ Fún Wọn Pé Mo Ti Lọ́kọ

Tamsin, àkọ́bí mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà níbẹ̀? Àbúrò bàbá rẹ tó ni ṣọ́ọ̀bù fìlà ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Bí abẹ́rẹ́ ṣe ń gba inú aṣọ kọjá tí kì í há, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ náà á máa gba inú ìlú Lọ́ńdọ̀n kọjá, o ò ní há síbẹ̀, àmín. Èmi wà láàyè, Loveday àbúrò rẹ náà wà láàyè, ó kàn ń sunkún ni, màá sì sọ ìdí ẹ̀ fún ọ nísàlẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n kọ lẹ́tà sí ló ń sanwó ẹ̀, àti pé iye bébà ni wọ́n ń kà. Ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ kọ gbogbo ẹ̀ sórí bébà kan ṣoṣo. Tó bá kún, màá yí i sí ìbú, màá tún kọ ọ́ gba orí èyí tí mo ti kọ. Má jẹ́ kó rú ọ lójú. Máa yí orí díẹ̀díẹ̀ bí adìyẹ tó ń wo àṣá.

O sọ nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn pé afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń tan iná ojú títì Lọ́ńdọ̀n báyìí, pé inú páìpù ló ń gbà wá. Ọmọ mi, bí wọ́n bá ń jó afẹ́fẹ́, kí lẹ̀yin tó wà níbẹ̀ ń mí símú? Jọ̀ọ́, tí o bá fẹ́ kọjá lábẹ́ iná yẹn, mí dáadáa kó o tó débẹ̀, kó o wá di imú mú. Owó bébà tí o fi ránṣẹ́ dé ọwọ́ mi. Mo kà á, ọkùnrin kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ṣèlérí láti san owó náà fún ẹni tó bá mú un dání. Mo ti ń mú un dání látìgbà náà, kò tíì wá. Ọ̀gbẹ́ni Pengelly ní káwọn bá mi ná an, mo ní rárá o, ẹni tó ṣèlérí lè ti wà lọ́nà, kò dáa kó dé kó má bá bébà ẹ̀ nílé.

Ọ̀rọ̀ Loveday rèé. Ọkùnrin kan wá sí abúlé wa lẹ́yìn òtútù, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa fi àlùmágàjí gé àwòrán ojú èèyàn lára bébà dúdú. Ó gé ti Loveday, ó ní òun ò rí irú imú yẹn rí. Ó parí. Àbúrò rẹ ò jẹun mọ́, ó ń bá òṣùpá sọ̀rọ̀, ó ní ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ tí kò dákú kò tíì nífẹ̀ẹ́. Nígbà tó yá ọkùnrin náà kọjá sí Exeter, a sì gbọ́ pé ó ń sọ ọ̀rọ̀ imú yẹn fún gbogbo ẹni tó bá ní imú. Loveday gbé àwòrán náà kọ́ sórí ibùsùn, ó ń sunkún sí i. Nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kò lẹ́yinjú, kò lẹ́nu. Mo bá a wí pé kí ló dé tó fi sanwó nígbà tí iṣẹ́ ò tíì parí.

Ọ̀gbẹ́ni Pengelly tí mo dárúkọ lókè yẹn, ọkọ mi ni. Mo mọ̀ pé o mọ̀, ìwọ lo fi fìlà tí mo dé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ránṣẹ́. Ojú ṣì ń tì mí láti kọ ọ́ ni. Mo ti sin bàbá rẹ, mo ti ṣọ̀fọ̀ wọn tán, mo rò pé ó ti tán fún mi, àfi bí ẹni tó ń bá gbogbo abúlé lọ ọkà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi èjìká ara wọn gbé ìyẹ̀fun wá fún mi, tí ẹṣin wọn sì ń jẹko. Wọ́n ṣe jẹ́jẹ́ sí mi, Tamsin. Àmọ́ títí di ìsinsìnyí, nínú ilé ọlọ wọn tí mo ń gbé, Ọ̀gbẹ́ni Pengelly náà ni mò ń pè wọ́n. Wọ́n ní Sákaráyà lorúkọ àwọn. Mo ní mo ti gbọ́. Tí mo bá fẹ́ kí wọ́n wá jẹun, mo máa ń fi ṣíbí lu abọ́.

Ìtìjú yìí ló dá wàhálà sílẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ nílé, ikú ni o, ìbí ni o, ìgbéyàwó ni o, a gbọ́dọ̀ fi kọ́kọ́rọ́ kan ilé oyin ká sọ fún wọn, torí oyin kì í bá ẹni tó ń fọ̀rọ̀ pa mọ́ gbé. Nígbà tí bàbá rẹ kú, ìwọ lo lọ sọ fún wọn, o so aṣọ dúdú mọ́ ilé wọn, omijé kankan ò bọ́ lójú rẹ. Loveday ti dákú ní tiẹ̀. Nígbà tí èmi wá lọ́kọ, mo lọ bá wọn, mo kan ilé wọn, mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ ò jáde. Báwo ni n ó ṣe dúró níwájú ọ̀pọ̀ ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ yẹn, kí n ní mo ti lọ́kọ? Mo ní ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo sì padà sílé.

Ni wọ́n bá bínú. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bí oòrùn ṣe mú, gbogbo wọn tú jáde bí èéfín, wọ́n gba orí odi lọ. Mo gbá ìkòkò idẹ mú, mo ń fi kọ́kọ́rọ́ lù ú bó ṣe yẹ, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé oyin tèmi ni mò ń lé, kí wọ́n sì jẹ́ kí n gba inú ọgbà wọn kọjá. Ọ̀gbẹ́ni Pengelly gbé ilé oyin mìíràn tí wọ́n fi koríko hun, wọ́n ń sá tẹ̀ lé mi, ìyẹ̀fun ń gbọ̀n dànù lára wọn. Loveday wà níwájú, ó ń ké pé bí ìfẹ́ ṣe máa ń fò lọ náà nìyí o! Mo ní gbẹ́nu ẹ dákẹ́, wo ibi tí wọ́n bà sí.

Ọgbà ilé ìwé ni wọ́n bà sí, níbi tí Ọ̀gbẹ́ni Ambrose Luscombe, tíṣà wa, ń gbé. Mo mọ̀ pé o ò ní fẹ́ kí n dárúkọ ẹ̀. Farabalẹ̀ kà á. Ó ti di ẹrù ẹ̀ sórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin. Wọ́n fún un níṣẹ́ ní Newfoundland lókè òkun, níbi tí ẹja ti pọ̀ ju èèyàn lọ, ó sì ń lọ pátápátá ni. Orí àpótí ẹ̀ ni oyin mi bà sí, wọ́n rọ̀ síbẹ̀ bí irùngbọ̀n. Ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ ti gun igi ápù, ó ń pariwo láti òkè pé òun ò gba owó ẹrù tó ń kùn.

Ọ̀gbẹ́ni Luscombe ní ẹ káàbọ̀ mà, bí ẹni pé tíì la wá mu. Ó béèrè rẹ, ohùn ẹ̀ gbẹ bíi búrẹ́dì àná. Mo ní o wà dáadáa. Ó ní òun mọ̀ pé o máa wà dáadáa, pé lọ́jọ́ tóun wá dágbére fún ọ kó o tó lọ Lọ́ńdọ̀n, ohun tí o bi òun kò ju pé ṣé bàtà òun ò ń jò, ó sì yé òun pé ọkàn rẹ ò sí lọ́dọ̀ òun. Loveday ní ṣé ẹ rí i, ẹ̀gbọ́n mi ò lọ́kàn, yìnyín ló wà níbẹ̀, ẹ máa lọ bá ẹja yín.

Ọ̀gbẹ́ni Luscombe da àpò bo orí kí oyin má bàa ta á, ó di ilé oyin náà mú ti àpótí. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò wọlé. Ọ̀gbẹ́ni Pengelly ní Dorcas, ṣé o ti sọ fún wọn? Mo ní kí n sọ kí ni. Wọ́n ní kó o sọ pé o ti fẹ́ mi ni. Mo wolẹ̀. Wọ́n ní háà, ìwọ obìnrin yìí, àṣé ìdí ẹ̀ rèé! Ẹni tó wà lórí igi bú sẹ́rìn-ín. Mo fi kọ́kọ́rọ́ kan àpótí, ojú mi gbóná, mo ní ẹ̀yin oyin, ẹ má bínú, mo ti lọ́kọ, Sákaráyà lorúkọ wọn, èèyàn dáadáa ni wọ́n. Ọ̀gbẹ́ni Pengelly yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń nu ojú, wọ́n ní ìyẹ̀fun ló kó sí i.

Ìdajì wọlé, ìdajì kọ̀. Ọkọ mi ní ó ku nǹkan tó o fi pa mọ́, oyin mọ̀ ọ́n. Tamsin, bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo gbàgbé pé èèyàn wà lábẹ́ àpò. Mo sọ ti Loveday àti imú ẹ̀. Mo sọ pé lọ́jọ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Luscombe dágbére tán, Tamsin mi gbé áyọ́ọ̀nù, ó ń lọ aṣọ tábìlì, kò sunkún, kò sọ̀rọ̀, ó ń wo ọ̀nà tí ọkùnrin náà gbà lọ láti ojú fèrèsé, títí áyọ́ọ̀nù fi jó aṣọ náà lu, tó kan igi. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní kò sí nǹkan kan, Màmá, aṣọ ni mò ń lọ̀. Ó ká a, ó gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀n. Ta ló ń gbé aṣọ tó jóná rìnrìn àjò?

Oyin ti wọlé tán. Loveday jókòó sínú koríko. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn kékeré kan lábẹ́ àpò, ó ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé aṣọ tábìlì tí wọ́n fi òwú pupa ṣe létí yẹn ni, èyí tá a fi ń jẹun lọ́jọ́ Ìsinmi? Mo ní òun ni. Ó ní ibo ló ti jóná? Mo ní ibi tí ìwọ tíṣà máa ń jókòó sí gan-an.

Ó ṣí àpò náà kúrò lórí. Lẹ́yìn náà ló ní kí ẹni orí igi sọ̀ kalẹ̀ wá bá òun tú ẹrù.

Ọmọ mi, má bínú pé mo tú àṣírí rẹ. Oyin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Kò lè kọ̀wé sí ọ fúnra ẹ̀, ìwọ náà mọ̀ pé ọkùnrin kì í kọ̀wé sí ọmọbìnrin tí wọn ò tíì jọ ṣàdéhùn, abúlé á ti so yín pọ̀ bíi tọkọtaya. Loveday ní kó kọ ọ́, kí wọ́n so yín pọ̀! Ó ní rárá, òun ò fẹ́ kó o torí ẹnu ayé gba òun, ojúkojú lòun fẹ́ bi ọ́. Àmọ́ ọkọ̀ ojú omi tó wà ní Bideford ò ní dúró de ẹnì kankan, tí oṣù yìí bá parí tí o ò dé, ó ní òun á gbà pé èsì nìyẹn, òun á sì lọ. Ó jókòó síbí nídìí ààrò wa, ó ń bá mi gbẹ́ ẹnu ìyẹ́ ìkọ̀wé. Ó ti gbẹ́ méjì títí wọ́n fi tán.

Loveday ti já àwòrán ẹ̀ kalẹ̀, ó fi bo ẹnu ìgò èso. Ó ní òun fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá ọ̀rọ̀ sínú bíi tìẹ. Ó ti sọ ọ́ fún gbogbo abúlé. Ó ní kí ìwọ náà jọ̀ọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń la ẹnu.

Bó bá jẹ́ pé ọkàn rẹ ò sí níbẹ̀ mọ́, má wá, mi ò ní bínú, èmi náà ni màá bá a sọ ọ́. Àmọ́ bó bá wà níbẹ̀, owó tí mo fẹ́ tọrọ lóṣù yìí, má fi ránṣẹ́, fi wọ kẹ̀kẹ́ èrò. Inú ni kó o jókòó sí, má gun orí òrùlé. Tí ó bá ṣẹ́ kù, ra tíì díẹ̀ fún wa, ẹni tó ń gbẹ́ ìyẹ́ yìí ti mu tiwa tán.

Mo bi í pé kí ni kí n bá òun sọ fún ọ. Ó ní kí n kí ọ. Loveday ju aṣọ ìnuwọ́ lù ú. Ó wá ní kí n kọ ọ́ pé òun ò tíì lọ.

Ọlọ́run á ṣíwájú ẹṣin rẹ, á tẹ̀ lé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ. Ohun tí o ń fi ìdákẹ́jẹ́ wá, wàá fi ariwo ayọ̀ rí i.

Èmi ni ìyá rẹ,
Dorcas Pengelly

(Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kọ orúkọ náà nìyí. Tàdáwà ta sí i díẹ̀.)