Ọkọ̀ Sátidé, Ọkọ̀ Sọ́ńdè

Sí Mofìyìnfólúwa, ọmọ mi àtàtà ní Jahi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ooru Àbújá kò pa yín jù? Ọlọ́run tó gbé ọ débẹ̀ kò ní fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Bàbá rẹ ń kí ọ, orúnkún tó ń dùn ún ti fúyẹ́, adìẹ rẹ sì ti pamọ.

Mo rí fídíò tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù bàbá rẹ. Ha, ìwọ tí o ń bẹ̀rù kẹ̀kẹ́ nígbà kékeré lo wá ń tún ọkọ̀ tó ń sá báyìí ṣe! Nígbà tó ń yí kọ́nà, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi di fóònù mú kó má baà já bọ́. Mo kí Kenny tó ń wà á, kò dáhùn, mi ò bínú, akoto ló dí i létí. Ohun tó dùn mí ni táyà. Kò ní ilà kankan lára, ó dán bí orí bàbá rẹ. Mo ní ṣé kò sẹ́ni tó lè ra táyà tuntun fún ọmọ mi ní gbogbo Apo tí ẹ ti ń tún ọkọ̀ ṣe ni? Bàbá rẹ ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń rà á, ṣùgbọ́n ó kàn ń gbèjà orí ara rẹ̀ ni.

Àlàyé tí o ṣe yé mi dáadáa. Ní Sátidé, ẹ ó fún ọkọ̀ ní epo díẹ̀, ẹ ó fi táyà rírọ̀ sí i, ẹ ó dí ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, kó lè sáré yípo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó fi gba ipò iwájú tí yóò ti gbéra lọ́jọ́ ìje. Tí ìje gan-an bá dé ní Sọ́ńdè, ẹ ó rọ epo kún un, ẹ ó fi táyà líle sí i, ẹ ó ṣí ihò kí ẹ́ńjìnnì má baà gbóná, torí ọ̀nà jìn. Mo ní ó tán, ìdí ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ wa ni wọ́n ti wá kọ́ ọ! Ṣebí tó bá ku ọ̀la ká rin ẹ̀gẹ́, apẹ̀rẹ̀ òfìfo la máa ń gbé sáré lọ gba ipò, lọ́jọ́ kejì la ó jẹun yó, ká ṣu òṣùká, ká fi bàsíà ńlá ru ẹrù. Ta ló lọ sọ fún wọn ní Àbújá?

O ní ní ìje tó kọjá, epo nìkan ni Kenny jẹ́ kí ẹ fi kún un, ó ní bí ọkọ̀ ṣe wà ní Sátidé ló dùn ún wà. Òun ló wà níwájú títí táyà fi jẹ tán, tí ẹ́ńjìnnì gbóná, tó kú. Ọ̀gá yín, Alhaji Sànúsí, wá ní ọwọ́ rẹ ni gbogbo rẹ̀ wà lọ́tẹ̀ yìí, tí ọkọ̀ ò bá parí ìje, kí o máa wá iṣẹ́ mìíràn. Kenny sì tún ń bẹ̀ ọ́ pé kí o má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ọmọ mi, má gbà fún un. Kúnbi aládùúgbò wa náà ní apẹ̀rẹ̀ tí òun fi gba ipò fúyẹ́ lórí, ló bá fi ru ẹ̀gẹ́. Ìdí apẹ̀rẹ̀ já lójú ọ̀nà, ewúrẹ́ bá a jẹ ẹ́. Òun ló kọ́kọ́ gba ipò, òun náà ló jókòó tó ń wo àwa tí a rin tiwa. Bá Kenny sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n kí o ṣí ihò yẹn.

Jọ̀wọ́, táyà rírọ̀ tí ẹ bá ti lò tán ní Sátidé, fi ọ̀kan ránṣẹ́ fún bárò wa. Fi owó díẹ̀ sí i ká fi ra bàsíà, tèmi ti lu.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní ipò ní Sátidé, yóò sì mú ọ délé ní Sọ́ńdè. Tí o bá sì ń bọ̀ wá kí wa, má múra ti Sátidé wá o. Ti Sọ́ńdè ni kí o mú wá, kí o rọ epo kún, kí o sì máa bọ̀ jẹ́jẹ́. Kò sí ipò tí o fẹ́ wá gbà lọ́wọ́ mi, iwájú lo wà tẹ́lẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Jemimah.