Irin Tí O Fi Kún Ọrùn Tírélà Mi

                                                  Ilé aláwọ̀ ewé,
                                                  Ẹ̀yìn ilé ìtẹ̀wé.
                                                  Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹsàn-án.

Ọ̀rẹ́ mi, àna mi, àgbà wẹ́dà tó ń jó irin mọ́ irin,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti ń gbà á láyè láti gun àtẹ̀gùn? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti ọmọ-ọmọ rẹ tí imú rẹ̀ jọ tìrẹ, tí mo ti ń bá a kẹ́dùn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i? Àbúrò rẹ, ìyàwó mi, kí ọ. Ara rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ náà sì le. Òun ló jókòó tì mí báyìí, tó ń wò bóyá òótọ́ ni mò ń kọ.

Oṣù mẹ́ta rèé tí a ti sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í pè ọ́ ní "ẹ̀yin" gẹ́gẹ́ bí àna, o máa mọ̀ pé mo ti dẹ́ṣẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè ọ́ ní "ìwọ" bí ìgbà tí a jọ ń jí ọsàn ká. Ṣùgbọ́n mo ti dẹ́ṣẹ̀ o. Ìwé mẹ́rin ni mo ti ya dànù kí n tó kọ eléyìí.

Ọjọ́ tí a kó tírélà wa, àwọn ilé kékeré tí a ń fi ọkọ̀ fà kiri, lọ pàgọ́ létí odò ni mò ń sọ, àwa àti ẹgbẹ́ wa tó fẹ́ràn igbó ju ilé lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra nǹkan kún tèmi ni: fíríìjì tó ṣeé fà jáde bí dúrọ́ọ̀, bátìrì méjì, sólà, àpótí irinṣẹ́, táǹkì omi kejì. Nígbà tí inú tírélà kún, mo kó ìyókù sórí ọrùn rẹ̀, ìyẹn irin gbọọrọ tó so ó mọ́ ìdí ọkọ̀. O bẹ̀rẹ̀, o wo abẹ́ rẹ̀, o fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, o rọra ní, "Ọ̀rẹ́, ọrùn yìí ò lè gbé gbogbo ẹrù yìí lójú ọ̀nà olókùúta o."

Ẹ̀gbẹ́ kan lo ti sọ ọ́. Àárín èrò ni èmi ti dá ọ lóhùn. Mo ní ẹ wá wo ẹni tí tírélà tirẹ̀ jọ àgò adìẹ, tó ń jókòó sórí garawa jẹun, òun ló fẹ́ máa kọ́ mi! Mo tún ké bí adìẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, dókítà eyín tó wà nínú ẹgbẹ́ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ìwọ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, o ká ẹní rẹ, o wakọ̀ lọ sílé. Mo rò pé mo borí ni. Ẹyin lohùn, mo mọ òwe náà láti kékeré, ṣùgbọ́n ta ló ń fi òwe dí ẹnu?

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni èmi àti àbúrò rẹ tún gbéra. Ọ̀nà orí òkè la gbà, àpáta lọ́tùn-ún, ọ̀gbun lósì. Ó ku díẹ̀ ká sọ̀ kalẹ̀ tán, táyà tírélà kó sí kòtò, mo gbọ́ "gbàù!" Àbúrò rẹ di apá mi mú. Mo rọra wọ́ tírélà náà dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan nísàlẹ̀ òkè. Ọkùnrin náà wọ abẹ́ rẹ̀, ó pẹ́ kó tó jáde.

Ó ní, "Bàbá, irin ọrùn yìí ti là pátápátá. Irin kejì tí ẹnì kan jó mọ́ ọn lábẹ́ nìkan ló dì í mú. Ká ní kò sí ni, inú ọ̀gbun ni ẹ̀ bá wà báyìí. Ta ló ṣe iṣẹ́ yìí?"

Àna mi, gbọ́ nǹkan tí mo ṣe. Mo gbé àyà sókè, mo ní, "Èmi ni."

Ó bọ̀ mí lọ́wọ́! Ó ní ọwọ́ àgbà ni. Ó wá bi mí bí mo ṣe jó o tí irin náà ò fi rọ́. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Àbúrò rẹ ò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Ó kàn ní, "Bùọ̀dá mi ló ṣe é. Ọjọ́ tí ẹ lọ gba awò ojú yín ló wá, ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn tí ẹ fi í ṣẹ̀sín. Ẹ̀yìn ló fi lélẹ̀ lábẹ́ tírélà láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Ó ní kí n má sọ fún yín, kí ojú má baà tì yín."

Ojú tì mí, ó kọjá sísọ. Èmi ọkọ ni mo kó ikú lé ọrùn tírélà. Ẹni tí mo bú ló dá ẹ̀mí ìyàwó mi sí. Mo tún fẹ́ jí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gbé.

Ní Sátidé, mo lọ bá ẹgbẹ́ wa níbi tí wọ́n ti ń tún tírélà wọn ṣe. Gbangba ni mo ti bú ọ, mi ò lè jẹ́wọ́ ní kọ̀rọ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan irọ́ tí mo pa. Mo ń retí kí wọ́n fi mí ṣẹ̀sín, ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Dókítà eyín wo ilẹ̀, ó ní, "Àwa náà la jọ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn o."

Mo ti kó ẹrù kúrò lọ́rùn tírélà. Fíríìjì wà ní yàrá báyìí, ó ń hanrun jù mí lọ. Àbúrò rẹ ní òun ò ní bá mi jáde mọ́ àfi bí ìwọ bá sọ pé ó dáa. Èmi náà ò fẹ́ lọ láìsí ìwọ.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti gbogbo ilé. Jọ̀wọ́, fèsì. Bó bá jẹ́ èébú lo fẹ́ kọ, kọ ọ́ kó gùn dáadáa. Màá kà á sókè fún àbúrò rẹ látòkè délẹ̀, mi ò ní fo ọ̀rọ̀ kan.

Èmi náà ni, àna rẹ tí ojú ń tì,
Ẹnu-Ò-Dákẹ́.