Ife Wáìnì Tí Ẹ Gbé fún Fishel

Ẹ̀gbọ́n mi Zelig, ẹ má tún kọ̀wé sí mi pé Ọlọ́run ló mú Fishel lọ. Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín. Orúnkún Màmá ti ń san díẹ̀.

Oṣù mọ́kànlá ni Fishel àbúrò wa ò fi ọtí kan ẹnu. Nídìí tábìlì Sábáàtì, ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, omi àjàrà ni kí ẹ bù fún mi."

Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní, "Ṣé ọmọ ọwọ́ ni ẹ́? Wáìnì àdúrà kì í pa èèyàn."

Ó mu ún, kò sì dáwọ́ dúró mọ́ títí a fi sin ín. Títí dòní, bí mo bá ti gbé ife Sábáàtì, ohùn rẹ̀ ni mò ń gbọ́, tó ń bẹ̀ yín.

Ọlọ́run á ṣọ́ ilé yín. Ṣùgbọ́n ráábì tí àwọn ọ̀mùtí ń sá wá bá fún ìrànlọ́wọ́ lẹ jẹ́. Ẹ mọ̀ pé òfin àwa Júù gba omi àjàrà dípò wáìnì. Kí ló dé tí ẹ ò bù ú fún un? Ẹ dá mi lóhùn.

Gitl