Bàbá Onídùùrù Ìgandò: Ìgbésí Ayé Olóògbé Festus Olúwagbénga Ajéwọlé (1957–2025)

Ní Ìfàkì-Èkìtì, nínú ilé kan tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì, ni wọ́n ti bí bàbá wa, Olóògbé Festus Olúwagbénga Ajéwọlé, ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹta ọdún 1957. Katikíìsì Josiah Ajéwọlé ni bàbá wọn, ìyá wọn sì ni Dorcas Ajéwọlé, ọmọ Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ahunṣọ tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kì í pẹ́ lọ́jà. Bàbá àgbà ló ń tẹ dùùrù fún ìjọ, dùùrù àtijọ́ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ fún ní atẹ́gùn. Nígbà tí eékún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ bàbá àgbà lẹ́nu, Festus kékeré ni wọ́n ní kó jókòó sílẹ̀, kó máa fi ọwọ́ tẹ ẹsẹ̀ dùùrù náà. Báyìí ni bàbá wa ṣe gba ìsàlẹ̀ wọnú orin, tí wọn kì í rí nǹkan kan nínú ìsìn ju bàtà àwọn èèyàn lọ. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé ibẹ̀ ni àwọn ti kọ́ bí a ṣe ń wo ẹsẹ̀ èèyàn ká tó mọ̀ bóyá orin wọ̀ ọ́ lára.

Wọ́n lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọ ní Ìfàkì, wọ́n sì parí ilé ẹ̀kọ́ girama ní ọdún 1975. Ìṣirò kò bá wọn ṣọ̀rẹ́ rárá, àwọn fúnra wọn ló sì máa ń sọ ọ́ láìtijú. Ṣùgbọ́n kò sí ayẹyẹ kan ní ilé ẹ̀kọ́ náà tí kì í ṣe Festus ló máa jókòó sídìí dùùrù.

Ọdún 1977 ni wọ́n wá sí Èkó, tí wọ́n dé sọ́dọ̀ àbúrò bàbá wọn ní Ìyànà Ìpájà. Wọ́n rí iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní Ìkẹjà, wọ́n sì dara pọ̀ mọ́ ìjọ Áńgílíkà ní Ẹgbẹ́dá. Níbi ìdánrawò ẹgbẹ́ akọrin ni wọ́n ti pàdé Lucy Bámikọ́lé. Gbogbo akọrin ló ń yin ọwọ́ wọn lórí dùùrù, àfi Lucy, tó dúró lẹ́yìn, tó ní, “Brọ̀dá Festus, ẹ ń yára jù, jàre. Ẹ jẹ́ ká mí.” Bàbá ò tíì gbọ́ irú ìbáwí bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní oṣù Kejìlá ọdún 1985, Màmá wa sì ń bá wọn wí lórí ọ̀rọ̀ yìí títí di ọdún yìí.

Ní ọdún 1996, ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé náà kógbá sílé. Bàbá jókòó sílé, wọ́n ń wo ògiri. Màmá wa ló ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n ra dùùrù oníná, torí orin kì í ṣe ohun tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń gba iṣẹ́. Báyìí ni bàbá wa ṣe di òṣèré tó ń dá nìkan kọrin, òun àti kíbọ́ọ̀dù kan, sípíkà kan, àti àga tí kò ní ibi ìfẹ̀yìntì. Tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, tí ọyẹ́ bá dé, àwọn gáádìnì ìta gbangba á ṣí káàkiri Alimosho, láti Ẹgbẹ́dá dé Command dé Ìgandò: kánópì, àga oníke, àti ẹja yíyan. Ní ọ̀sán Sátidé, àti lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, ibẹ̀ ni ẹ ti máa bá Bàbá. Tí òjò bá padà, wọ́n á máa kọ́ àwọn ọmọdé ní dùùrù nílé.

Bàbá ní ìlànà lórí orin tó yẹ kí wọ́n tẹ̀, wọn kì í sì í fi ṣeré. Tí àwọn èèyàn bá ṣì ń dúró de ẹja, orin jẹ́jẹ́ ni, kí ebi má baà di ìbínú. Tí ẹja bá dé, kò sí orin ijó, torí ẹni tí ata wà lọ́wọ́ rẹ̀ máa fi ọwọ́ ata nu òógùn ojú, gáádìnì á sì dàrú. Ìgbà tí wọ́n bá gbé omi ìfọwọ́ kọjá ni Bàbá tó máa ń tẹ orin ijó àkọ́kọ́. Wọn kì í kọ orin arò níbẹ̀ láé, nítorí a ò mọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin èèyàn rẹ̀ nínú àwọn tó jókòó. Bí ọmọdé bá sùn lọ sórí itan ìyá rẹ̀, ohùn dùùrù á lọ sílẹ̀. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá ń pariwo pé orin tó wà lóde làwọn fẹ́, Bàbá á tẹ̀ ẹ́ fún wọn, ṣùgbọ́n wọ́n á máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di háílàìfù àtijọ́. Kí àwọn ọ̀dọ́ náà tó mọ̀, àwọn bàbá wọn ti dìde, wọ́n ti jọ ń jó.

Ìlànà kan ló kù tí Bàbá ò tíì ní, ọ̀nà líle ni wọ́n sì gbà kọ́ ọ. Àṣà àwọn òṣèré gáádìnì ni pé kí wọ́n máa fi orin pe orúkọ àwọn èèyàn ńlá tó bá wọlé. Ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì ọdún 2004, Bàbá ń kọrin ní gáádìnì Ìyáàfin Miriam ní Ìgandò. Alhaji Sàkàrìyáù wọlé nínú aṣọ funfun, ẹnì kan sì sọ sí Bàbá létí pé, “Baálẹ̀ wa nìyẹn o, ẹ kí wọn dáadáa.” Ará Èkìtì tó ń gbé Ẹgbẹ́dá ni Bàbá, wọn ò mọ ohun tó ń lọ. Wọ́n fi orin gbé Alhaji Sàkàrìyáù gorí oyè, wọ́n ki oríkì rẹ̀, wọ́n kókìkí rẹ̀. Oyè ọ̀hún sì rèé, ó wà ní kóòtù! Ìdílé Sàkàrìyáù àti ìdílé Qasim, onílẹ̀ àtijọ́ ni àwọn méjèèjì ní àdúgbò náà, àwọn ló sì ń dù ú. Alhaji Qasim fúnra rẹ̀ jókòó sí tábìlì kejì pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, ó ń gé orí ẹja.

Àga fò, ẹja fò, kánópì wó lé dùùrù Bàbá lórí. Ọpẹ́ ni pé dùùrù nìkan ló farapa. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni àwọn ìdílé méjèèjì, tí wọ́n ṣì máa ń kí ara wọn tẹ́lẹ̀, kò ti jẹ́ jókòó síbi kan náà mọ́. Ìdílé Qasim ní ìdílé Sàkàrìyáù ti fi owó ra Bàbá. Ìdílé Sàkàrìyáù ní Bàbá mọ̀ọ́mọ̀ dá ìjà sílẹ̀ kí ẹjọ́ lè bà jẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́ ni. Bàbá lọ bẹ àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó jẹ́ kí wọ́n wọlé. Gáádìnì Ìgandò kankan ò pè wọ́n mọ́, àwọn ọmọ àdúgbò sì fún wọn ní orúkọ tuntun: Atúgandòká. Orúkọ náà dùn wọ́n ju dùùrù tó fọ́ lọ. Màmá wa rántí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Bàbá ti ọjà Ìkòtún dé, tí àwọn kan ti fi orúkọ náà kí wọn lójú ọ̀nà. Wọn ò jẹun. Wọ́n kàn bi Màmá pé, “Lucy, ṣé orúkọ tí mo máa gbé wọ sàréè nìyí?”

Bàbá wa kì í ṣe ẹni tí ń jókòó sunkún. Àwọn gáádìnì Ẹgbẹ́dá àti ti Command ṣì ń gbà wọ́n, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti tún iṣẹ́ wọn ṣe. Wọn ò pe orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́, wọn ò sì bèèrè oyè. Wọ́n á tètè dé, wọ́n á máa kí èèyàn láti tábìlì dé tábìlì, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì wà lẹ́nu wọn: orin wo lẹ ń kọ nígbà tí ẹ wà ní kékeré? Ohun tí wọ́n bá gbọ́ ni wọ́n máa tẹ̀. Àwa ọmọ rí i bí àwọn àgbàlagbà ṣe ń sunkún ayọ̀ nídìí ẹja yíyan, inú wa sì ń dùn pé bàbá tiwa ló fà á.

Ní Command ni Bàbá ti bi Alhaja Rashidat ní ìbéèrè yìí. Ilé Qasim ni wọ́n ti bí Alhaja, ilé Sàkàrìyáù ló sì ti ṣe ìyàwó. Alhaja rẹ́rìn-ín, ó ní orin àjísààrì ni, èyí tí àwọn ọmọkùnrin ilé kéwú fi ń jí wọn jẹ sààrì nígbà ààwẹ̀ ní Ìgandò àtijọ́. Bàbá ní ta ló ń dá orin náà? “Sàkàrìyáù ni. Qasim ló ń gbè é. Nǹkan kan kì í ya àwọn ọmọ yẹn nígbà náà!” Bàbá fa àga, wọ́n jókòó. Láti ọjọ́ náà, Bàbá, ọmọ katikíìsì, ń lọ jókòó sórí ẹní Alhaja ní ọ̀sàn-án, wọ́n ń kọ́ orin àjísààrì títí wọ́n fi mọ gbogbo bí ohùn rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò.

Iléyá bọ́ sínú ọyẹ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2007. Alhaja ló bẹ Ìyáàfin Miriam kó gba Bàbá padà. Ìyáàfin Miriam gbà, ṣùgbọ́n ó ní, “Brọ̀dá Festus, ẹ má dárúkọ ẹnì kankan o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kánópì yìí ni, ẹ jọ̀ọ́.” Alhaja tún ránṣẹ́ pe Alhaji méjèèjì, kò sì sí èyí tó lè kọ̀ fún un. Wọ́n wá, ọ̀kan jókòó sí ìlà oòrùn, èkejì sí ìwọ̀ oòrùn, wọ́n kẹ̀yìn síra.

Bàbá tẹ orin jẹ́jẹ́ títí wọ́n fi jẹ ẹran tán. Omi ìfọwọ́ kọjá. Gbogbo èèyàn ń retí ijó. Bàbá pa ìlù inú kíbọ́ọ̀dù, wọ́n sì fi ọwọ́ kan ṣoṣo tẹ orin àjísààrì, láìsí ọ̀rọ̀, láìsí orúkọ, wọ́n ń wo ìsàlẹ̀ tábìlì. Bàtà Alhaji Qasim ló kọ́kọ́ mì. Lójijì, ohùn Alhaji Sàkàrìyáù ti apá kejì dìde, ó dá orin náà. Bàbá gbé ọwọ́ kúrò lórí dùùrù. Orin náà jẹ́ irú èyí tó jẹ́ pé bí ẹnì kan bá dá a, tí ẹni kejì ò gbè é, ibẹ̀ ló parí sí, kò sì sí ọmọdé kan níbẹ̀ tó mọ ègbè rẹ̀. Màmá wa ní àwọn ò lè mí. Nígbà náà ni Alhaji Qasim, tó ṣì kẹ̀yìn síbẹ̀, lanu, ó sì gbè é.

Wọ́n kọ ọ́ dópin. Alhaji Sàkàrìyáù gbé àga rẹ̀, ó rìn kọjá gáádìnì, ó ní, “Qasim, ohùn ẹ ò tíì yí padà!” Alhaji Qasim ní, “Ìwọ náà ò tíì yéé yára, jàre. Jókòó.” Ariwo ayọ̀ tó sọ lọ́jọ́ náà, wọ́n ní àwọn tó wà lójú títì gbọ́ ọ. A ò ní purọ́ pé dùùrù Bàbá ló parí ẹjọ́; àwọn àgbà ìdílé méjèèjì ló jókòó, tí wọ́n kó ẹjọ́ kúrò ní kóòtù lọ́dún tó tẹ̀lé e, tí wọ́n fẹnu kò pé kí oyè máa yí láàárín àwọn. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ jókòó.

Láti ìgbà náà, kò sí ẹ̀rùn kan tí Ìgandò kì í pe bàbá wa. Wọ́n ń tẹ dùùrù ìjọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, wọ́n ń tẹ ti gáádìnì ní ọ̀sán, nígbà tí ẹnì kan nínú ìjọ sì ráhùn, wọ́n ní Ọlọ́run kan náà ló ni etí tó ń gbọ́ méjèèjì. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ní dùùrù lọ́fẹ̀ẹ́ láti Ìkòtún dé Abúlé Ẹ̀gbá pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wà níjókòó lónìí.

Lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́, bàbá wa sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kọkànlá ọdún 2025. Wọ́n fi ìyàwó wọn ọ̀wọ́n, Lucy Ajéwọlé, sáyé lọ, pẹ̀lú àwọn ọmọ: Olúwatósìn, Hope, àti Tolúwalọpẹ́ tó jogún àga tí kò ní ibi ìfẹ̀yìntì, àwọn ọmọ-ọmọ, tí Testimony jẹ́ àgbà wọn, àti àwọn àbúrò, ẹbí àti ará.

Ẹ̀yin olùbánikẹ́dùn wa, pápá tí ẹ ti máa jẹun lónìí, ìdílé Sàkàrìyáù àti ìdílé Qasim ló jọ yọ̀ǹda rẹ̀. Bàbá ti sọ fún Tolúwalọpẹ́ bí orin ṣe máa lọ: kò sí orin arò, orin jẹ́jẹ́ títí oúnjẹ yóò fi tán. Tí omi ìfọwọ́ bá kọjá, ẹ máa gbọ́ orin àjísààrì. Alhaji Sàkàrìyáù ni yóò dá a. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Alhaji Qasim kọ́kọ́ gbè é kí ẹ tó bá wọn gbè é. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dìde, ẹ jó.

Bàbá, ìdílé méjèèjì ló jọ gbé òkúta tó wà lórí sàréè yín wá, àwọn náà ló sì yan ohun tí wọ́n kọ sí i lára: Bàbá Onídùùrù Ìgandò. Orúkọ tí ẹ gbé wọ sàréè nìyẹn. Ilẹ̀ á tù yín lára. Ẹ sùn re o.