Mo Nu Omi Náà Kí N Tó Ya Fídíò

Temple Hills, Maryland.
Ọjọ́ Àìkú.

Hidayah ọmọ mi,

Àsàláàmù àlékúmù. Ṣé dáadáa lo wà, ṣé òtútù Níú Yọ́ọ̀kì ò fojú rẹ rí màbo? Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká gbúròó ohun tí yóò lé wa dìde lórí oúnjẹ. Má rẹ́rìn-ín pé mo pè ọ́ lọ́mọ. Ọdún mẹ́rin péré ni mo fi jù ọ́ lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ni àbúrò tó tẹ̀lé bàbá rẹ, bàbá ni bàbá ń jẹ́, ẹni tí kò bá gbà, kó lọ bá ìyá tó bí àwa méjèèjì wí.

Mo pè ọ́ títí, obìnrin òyìnbó kan ló ń gbé fóònù rẹ. Mo kí i, mo bi í léèrè iṣẹ́, kò dá mi lóhùn, ó kàn ní kí n sọ̀rọ̀ bí nǹkan bá ti dún. Mi ò lè bá ẹni tí kò mọ ìkíni sọ ọ̀rọ̀ ilé, ìdí nìyí tí mo fi fi lẹ́tà yìí rán Gàníyù, tó ń wa ọkọ̀ ẹrù bọ̀ lọ́dọ̀ yín.

Ọ̀rọ̀ Mùlíkàt ni, ìyá ọlọ́mọ méjì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tèmi. Páìpù bẹ́ nínú ògiri lọ́sẹ̀ tó kọjá, omi kún pálọ̀ rẹ̀. Máníjà ilé ní Mùlíkàt ló ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, kó kó jáde bí oṣù bá parí. Irọ́ ni. Mo fojú mi rí omi tó ń tú jáde lára ògiri.

Mo bá kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ìròyìn kan tó ní kí ará ìlú tó bá rí nǹkan máa fi tó àwọn létí. Oníròyìn wọn kan, Tẹjúmọ́lá, ọmọ wa tí wọ́n bí síhìn-ín, ní kí n fi fídíò ránṣẹ́. Ìwọ náà mọ̀ pé a kì í fi ilé tó dọ̀tí han àlejò. Mo nu omi, mo gbá ilẹ̀, mo tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tèmi síbẹ̀, Mùlíkàt wọ léèsì, mo wá ya fídíò. Tẹjúmọ́lá pè, ó ní ilé náà dára púpọ̀, omi wá dà?

Ó fi sùúrù sọ fún mi pé àwọn ò lè wà níbi gbogbo, ojú àwa tá a wà níbẹ̀ làwọn fi ń ríran, nítorí náà bí a bá ṣe rí i gan-an ni ká fi ránṣẹ́, ká sọ ọjọ́ àti ibi tí a dúró sí, àwọn á yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn á sì pe máníjà kó sọ tẹnu rẹ̀. Inú bí mi, mo ní ṣé òpùrọ́ ló ń pè mí ni. Ó ní rárá o, Bọ̀dá Nọ́fíù, pé bí òun ṣe máa bi bàbá tó bí òun náà nìyẹn. Ó ní ta ló ni fídíò. Mo ní èmi ni, àmọ́ mi ò tíì san owó fóònù tán, ó lè jẹ́ pé àwọn tó tà á ló ni ìdajì. Ó ní ṣé ẹlòmíràn rí i. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo kó àwọn àgbà mọ́sálásí síwájú fóònù, gbogbo wọn jẹ́rìí pé obìnrin rere ni Mùlíkàt. Tẹjúmọ́lá ní òun gbà, àmọ́ ta ló rí omi nínú wọn? Gàníyù ní òun rí Mùlíkàt tó ń sunkún, ṣé ìyẹn kì í ṣe omi ni.

Hidayah, mo ti kọ́kọ́ ya fídíò kan nígbà tí omi ṣì ń tú, kí o lè rí irú ilé tí wọ́n ń gbowó lé lórí níbí. Ìwọ nìkan ni mo fi ránṣẹ́ sí. Tèmi ti lọ, fóònù ní òun ti yó, mo pa á rẹ́ kó lè mí.

Jọ̀ọ́, wá a. Nọ́ńbà Tẹjúmọ́lá wà lẹ́yìn ìwé yìí. Fi ránṣẹ́ sí i bó ṣe wà, má gé ibi tí mo ti ń bú máníjà, má gé ibi tí mo ti yọ̀ ṣubú. Mùlíkàt ti gbà kí wọ́n fi pálọ̀ òun hàn. Yàrá mi lòun àtàwọn ọmọ rẹ̀ wà, èmi ń sùn nílé Gàníyù lórí àga tó kúrú jù mí lọ, ibẹ̀ náà ni n ó sì wà títí máníjà yóò fi kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ.

Bí owó díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, fún Gàníyù kó fi bá mi ra fóònù tí ikùn rẹ̀ tóbi. Bí kò bá sí, fi fídíò ránṣẹ́ ná.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá purọ́ mọ́ ọ, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹlẹ́rìí rẹ wà lọ́nà jíjìn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Nọ́fíù.