Ohùn Bàbá Yín Kì í Ṣe Ti Pákó

Níyìọlá Àjàní, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Beatrice ìyàwó rẹ, mo kí gbogbo ará Fẹ́sítáàkì tó ń pè mí ní Mọ́mì nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ ò ní fojú sunkún ọmọ. Ara mi le, ewúrẹ́ ti bímọ, òrùlé ilé ìdáná ṣì ń jò, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, mi ò sì ní fi pamọ́.

O mọ̀ pé nítorí kásẹ́ẹ̀tì tí bàbá yín kọrin sí kí wọ́n tó kú ni mo ṣe wá, torí ẹ̀rọ tiwa lábúlé ti bàjẹ́. Mo wọlé, mi ò rí sípíkà ńlá tó ní àpótí onípákó, tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri mọ́. Ohun gíga méjì pẹlẹbẹ tó ní nẹ́ẹ̀tì ni mo bá, mo rò pé ilẹ̀kùn ẹ̀fọn tí káfíńtà fẹ́ kàn ni, mo fi gèlè mi kọ́ ọ, Beatrice wá figbe ta bíi pé mo gbé ọmọ sínú iná. O ní sípíkà ni. O ní kò ní àpótí, pé awọ kan tó fẹ́lẹ́ ju ọ̀rá lọ ló wà nínú rẹ̀ tí iná ń mì. Mo bi ọ́ pé ohun tí kò níkùn, níbo ni yóò ti fa ohùn? Ẹ̀rín lo rín.

Ẹ wá tẹ kásẹ́ẹ̀tì. Àjàní, bàbá yín tó jẹ́ pé bí wọ́n bá gbé béèsì, ohùn ìsàlẹ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì, àga á máa gbọ̀n lábẹ́ wa, àwọn náà ló dún bí ẹni tó ń gbààwẹ̀! Ọ̀rọ̀ ń já geere, àyà ni kò sí níbẹ̀. Ni Clement ọ̀rẹ́ rẹ tó ta sípíkà náà fún yín bá ní kí n fara balẹ̀, pé àpótí ló máa ń kùn mọ́ béèsì tó fi ń tóbi, pé èyí tí mo ń gbọ́ yìí gan-an ni ohùn Dádì. Ẹni tí kò pàdé bàbá yín rí! Èmi tí mo ń gbórí lé àyà yẹn láti ọjọ́ ìgbéyàwó, ṣé pákó ni mo fẹ́ ni?

Ká má parọ́, nǹkan kan wà níbẹ̀. Láàárín ẹsẹ orin méjì, mo gbọ́ tí bàbá yín mí kanlẹ̀, tí wọ́n rọra wúkọ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá fẹ́ pè mí. Àpótí kò jẹ́ kí n gbọ́ ìyẹn rí. Ìdí tí mo fi sáré wọ ilé ìwẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀bà Beatrice ló fà á. Nígbà tí mo jáde, mo ní kí ẹ lọ gba sípíkà àpótí tí ẹ fi ṣe pààrọ̀ padà ní ṣọ́ọ̀bù Clement ní Agboju, kó máa gbé ìsàlẹ̀, kí onínẹ́ẹ̀tì máa sọ̀rọ̀ lókè. Ẹ ní sípíkà kì í ṣe tọkọtaya. Mo bínú wọkọ̀ ní Mazamaza, mo tilẹ̀ gbàgbé kásẹ́ẹ̀tì sílẹ̀.

Àfi bí Beatrice ṣe pè mí lánàá, pé ẹ ti so méjèèjì pọ̀, pé ohùn bàbá yín ń mi fèrèsé, pé aládùúgbò yín wá kanlẹ̀kùn láti béèrè ẹni tó ń kọrin. Aládùúgbò! Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí ti gbọ́ wọn, èmi tí mo lọ́kọ wà lóko!

Nítorí náà, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ látinú fóònù rẹ, owó tuntun ni o, má sì ká a kó má lọ ya lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá tún fọwọ́ kan kásẹ́ẹ̀tì yẹn kí n tó dé, èmi pẹ̀lú yín ni.

Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ yín, á ṣọ́ àbọ̀ yín, á sì jẹ́ kí iná wà lọ́jọ́ tí mo bá dé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àpèkẹ́