Ilé Tí Ẹ Torí Rẹ̀ Dúpẹ́ Kì Í Ṣe Tèmi

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Fúnmi àtàwọn ọmọ rẹ̀. Mo kí pásítọ̀ àti gbogbo ìjọ ní Ìpè, torí àwọn ni mo bẹ̀ pé kí wọ́n ka lẹ́tà yìí sétí ìjọ. Tí mo bá sọ ọ́ fún ẹ̀yin nìkan, mo mọ̀ yín, ẹ máa parọ́ nítorí mi.

Màmá, ilé inú fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ sí yín yẹn kì í ṣe tèmi. Èmi ni mo mọ ọ́n, tísà kan ló ni ín. Ọjọ́ tí a parí rẹ̀ ni mo dúró síwájú géètì pé kí wọ́n yà mí. Nígbà tí ẹ pè mí, tí ẹ ń sunkún ayọ̀ pé Ọlọ́run ti nù yín lójú, àmín ni mo ṣe. Àfi bí mo ṣe gbọ́ pé ẹ ti gbé iṣu lọ síwájú pẹpẹ, pé àwọn ìyá ìjọ ń bọ̀ wá bá mi ṣílé ní Sátidé. Yéè! Mo gbé!

Ìlú tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí ń dàgbà lóòótọ́. Àárín àwọn òkè tó lọ láti Ìkàrẹ́ títí dé Ọ̀kà ló wà. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ti ń tán, wọ́n wá ń fọ́ àpáta kọ́lé. Àwa bíríkìlà là ń ru bulọ́ọ̀kù gun ibi tí ọkọ̀ ò lè dé. Tí ọyẹ́ bá mú, sìmẹ́ńtì á máa bó wa lọ́wọ́. Tí òjò bá rọ̀, omi á ya látorí àpáta wọ yàrá kan ṣoṣo tí mo háyà. Ọwọ́ mi wà nínú ọ̀pọ̀ ilé tuntun tó wà lókè yìí, kò sì sí ìkankan tí mo lè wọ̀ láìkanlẹ̀kùn.

Ó ti sú mi, Màmá. Mi ò rẹ́ni bá sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé fóònù láti pè yín, tí mo tún gbé e sílẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọkọ̀ ní Sátidé. Màmá, ẹ bínú sí mi, ó tọ́ sí mi. Ẹ ṣáà má kọ̀ mí lọ́mọ.

Ọlọ́run á dá yín sí, ẹ ò ní fi ọmọ sunkún. Mo kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà. Pásítọ̀, ojú máa ti Màmá mi báyìí, wọ́n lè fẹ́ dìde jáde. Ẹ bá mi ní kí ẹnì kan lọ jókòó tì wọ́n.

Èmi ni ọmọ yín tó parọ́,
Táyọ̀